Títì wà lókè, odò wà nísàlẹ̀: ibo ni kí ilé wa kọjú sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ra ilẹ̀ kan sí ara òkè. Títì gba apá òkè ilẹ̀ náà kọjá, láti ibẹ̀ ló ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí àfonífojì, odò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀. Ilé ìgbàlódé ló wù wá, tí yóò ní gíláàsì púpọ̀ ká lè máa wo ìsàlẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ràn feng shui gan-an, ìyẹn ìmọ̀ àwọn ará Ṣáínà nípa bó ṣe yẹ kí ilé jókòó sórí ilẹ̀. Ẹni tó ń gbà wá nímọ̀ràn lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ náà kò dára, torí pé ẹnu ọ̀nà yóò kọjú sí òkè, ẹ̀yìn ilé yóò sì kọ sí ọ̀gbun. Ó ní ká gbé dígí olójú mẹ́jọ, tí wọ́n gbà pé ó ń lé ibi padà, kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ká sì gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí òkè ilé kí omi lè máa ṣàn bọ̀ wá bá wa. Ayàwòrán ilé wa ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun rárá. Ti ta ni ká gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilẹ̀ tuntun, mà. Ilẹ̀ yín kò burú, ẹ má tà á. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ adágún kankan sí òkè ilé. Bí ẹ bá ti bá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wọn dúró lónìí. Màá sọ ìdí rẹ̀ bí a bá ṣe ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lédè Ṣáínà, feng ni afẹ́fẹ́, shui ni omi. Kó tó di ọ̀rọ̀ dígí àti àwọ̀ ọ̀dà, wíwo ilẹ̀ ni: níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, níbo ni omi ń gbà? Ìwé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Zangshu, tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Guo Pu, ẹni tó kú ní ọdún 324. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ń fọ́n qi ká, omi ló sì ń dá a dúró. Qi yìí ni èémí ìyè tí wọ́n gbà pé ó ń rìn nínú ilẹ̀. N ò ní sọ fún yín pé ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn qi, kò sí. Àmọ́ ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń ṣọ́ lójú ilẹ̀, òun náà ni ẹnjiníà ń ṣọ́ lónìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọkọ yín àti ayàwòrán ilé yín lè jókòó sídìí tábìlì kan náà.

Àpèjúwe tí àwọn onífeng shui ń lò jù ni ti àga tó ní ibi tí a ń gbé apá lé. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé ni ẹ̀yìn àga, Ìjàpá Dúdú ni wọ́n ń pè é. Lápá òsì ni Dírágónì Aláwọ̀ Ewé wà, ìyẹn òkè kan tó nà bọ̀ síwájú. Lápá ọ̀tún ni Ẹkùn Funfun, tí kò yẹ kó ga ju Dírágónì lọ. Ẹyẹ Pupa, òkè kékeré kan, wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú, gbalasa ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mingtang sì wà láàárín òun àti ilé. Òsì àti ọ̀tún tí mò ń wí yìí, ti ẹni tó dúró nínú ilé tó ń wo ìta ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í.

Ní àwọn abúlé àtijọ́ ní New Territories, ní Hong Kong, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe tẹ̀dó: ilé tò sí ẹsẹ̀ òkè, igbó wà lẹ́yìn, oko àti adágún wà níwájú. Igbó feng shui ni wọ́n ń pe igbó ọ̀hún, wọn kì í sì í gé e. Ẹni tí kò gba qi gbọ́ rárá yóò rí i pé gbòǹgbò igi wọ̀nyẹn di ilẹ̀ mú, ewé wọn ń gba òjò kó tó kanlẹ̀, omi tó ń bọ̀ láti òkè sì ń rọra rìn kó tó kan ilé.

Ní ti ibi tí ilẹ̀ yín wà lára òkè, ẹ ti rí oríire gbà. Téńté òkè kì í ṣe ibi ilé, torí pé eré afẹ́fẹ́ máa ń pọ̀ sí i bó bá ń gun òkè, ibi tó ti ń rékọjá ṣóńṣó ló sì ti le jù. Ìsàlẹ̀ àfonífojì náà ní ti rẹ̀. Lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, afẹ́fẹ́ tútù, tó wúwo ju èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ, máa ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ bí omi, yóò sì dúró sínú kòtò ìsàlẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó kọ́lé sí agbede méjì òkè ló ń sùn nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Àárín yìí náà ni feng shui ń yàn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Olùgbaninímọ̀ràn yín ka ẹnu ọ̀nà sí iwájú ilé. Nínú feng shui, ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀: zuo, ibi tí ilé jókòó lé tó fẹ̀yìn tì, àti xiang, ibi tó kọjú sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ló ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti ìran ti ń wọlé láti mọ xiang, wọn kì í wo ibi tí èèyàn ń gbà wọlé nìkan. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé yín fẹ̀yìn ti òkè tí títì wà, ó sì kọjú sí àfonífojì. Òkè lẹ́yìn, omi níwájú. Ilẹ̀ tí ìwé àtijọ́ ń wá kiri lẹ rà yẹn! Ohun tó kù ni ibi tí ẹnu ọ̀nà yóò wà, kò sì pọn dandan kó wà lójú kan náà pẹ̀lú ibi tí ilé kọ sí. Ẹ wo ilé ìfowópamọ́ HSBC ní Hong Kong, tí Norman Foster yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1985. Ó fẹ̀yìn ti òkè, ó kọjú sí èbúté, ilẹ̀ gbalasa sì wà níwájú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àtẹ̀gùn oníná méjì tó ń gbé èèyàn wọlé láti ibẹ̀ sì dà síra wọn ní ìdábùú, wọn ò tọ́. Ìmọ̀ràn onífeng shui wà lára ohun tí wọ́n fi tò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé ẹnu ọ̀nà yín sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Bí ilẹ̀ bá gbà, kó jẹ́ apá òsì, ìhà Dírágónì. Láti títì, ẹ má fi àtẹ̀gùn gbọọrọ kan já sẹ́nu ilẹ̀kùn. Feng shui ní qi tó bá sáré wọlé, ọṣẹ́ ló ń ṣe. Àtẹ̀gùn tó tọ́ gbọnrangandan sọ̀kalẹ̀ láti títì ni omi òjò náà yóò sọ di odò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà náà rọra dábùú ara òkè, kó yí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kó wá já sí pèpéle tó tẹ́jú tí èèyàn mẹ́rin lè dúró lé tí wọn ò ní há. Kí ilẹ̀ inú ilé fi díẹ̀ ga ju pèpéle náà lọ, kí pèpéle sì dà kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ní séńtímítà 1 sí 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán kò ní rí dídà yẹn, ṣùgbọ́n omi yóò mọ̀ ọ́n.

Bí èèyàn bá sì ti ṣí ilẹ̀kùn, kò yẹ kó rí àtẹ̀gùn tó lọ sísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sì yẹ kó rí gíláàsì ńlá tó la ilé já. Ògiri kékeré kan tàbí pákó tí a ń kó ìwé sí tó dábùú ti tó. Àlejò yóò dúró, yóò mí, yóò bọ́ bàtà, lẹ́yìn náà ni àfonífojì yóò wá ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ràn àkókò yẹn nínú ilé orí òkè ju ohunkóhun lọ.

Ẹ̀yìn ilé ló wá kù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ náwó sí ju gbogbo ibi lọ. Ilé tó jókòó sára òkè kò ní ṣàì ní ògiri tó ń dá yẹ̀pẹ̀ dúró. Mo wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Yàrá ìsàlẹ̀ ni tọkọtaya ibẹ̀ ń sùn, orí ibùsùn wọn sì kan ògiri tí yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Oorun kì í kun ìyàwó, ọkọ sì ń ráhùn pé yàrá náà ń bu òun mọ́lẹ̀. Wọ́n ti gbé dígí kúrò níwájú ibùsùn, wọ́n ti yí ibùsùn padà, wọ́n ti kun yàrá ní àwọ̀ mìíràn. Mo lóṣòó ti ògiri náà. Láti ilẹ̀ dé orúnkún, ọ̀dà ti lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, omi tín-ín-rín ṣàn sọ̀kalẹ̀, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì kù sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn ògiri wò, kò sí òkúta wẹ́wẹ́, kò sí páìpù, amọ̀ lásán ni wọ́n kó dà síbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wá qi tó bàjẹ́ káàkiri inú yàrá, omi ló sì wà lẹ́yìn orí wọn.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Bí ògiri bá ga ní mítà 2, tí omi sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òkè, omi nìkan, láìka yẹ̀pẹ̀, yóò máa ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn ògiri náà pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 2. Bí ògiri gùn ní mítà 12, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 24 nìyẹn. Bí ẹ bá sì sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí ògiri tí ó yẹ ká dá irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ni omi ń wá. Ẹ fún un lọ́nà: òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, aṣọ tí kì í jẹ́ kí amọ̀ dí àárín òkúta náà, páìpù oníhò ní ìsàlẹ̀ pátápátá tó dà jáde sí ẹ̀gbẹ́, àti ihò kéékèèké lára ògiri tó bá wà níta. Lókè, láàárín títì àti ilé, ẹ la gọ́tà kan tí yóò dábùú òkè, tí yóò gba àgbàrá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, tí yóò pín in sí òsì àti ọ̀tún, kó yí ilé ká, kó sì sọ̀kalẹ̀ níwájú nínú ojú gọ́tà tí ẹ fi òkúta tẹ́. Ẹ fi àwòrán gọ́tà yìí han ọkọ yín. Omi tó fi apá méjèèjì gbá ilé mọ́ra, tó wá lọ síwájú, òun ni feng shui ń yìn jù.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má gbẹ́ adágún sókè ilé nìyẹn. Adágún tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó jìn ní mítà kan àbọ̀, tọ́ọ̀nù 48 omi ló wà nínú rẹ̀. Ìwúwo yẹn yóò máa tẹ ilẹ̀ tí ògiri yín ń dá dúró, bó bá sì sán níbì kan, ilẹ̀ náà yóò máa mu omi láìsí ẹni tó mọ̀. Ilẹ̀ tó ti mu omi yó kì í lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Ní June 18, 1972, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí òjò ńlá fi rọ̀, ilẹ̀ òkè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Hong Kong lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èèyàn 71 kú ní Sau Mau Ping, 67 kú ní Po Shan Road. Nígbà tó di 1977, ìjọba ibẹ̀ dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa mójú tó ilẹ̀ òkè. Ìlú tí feng shui ti fìdí múlẹ̀ dáadáa ni mò ń sọ yìí o. Bí ẹ bá fẹ́ràn adágún ìlúwẹ̀ẹ́, iwájú ni kó wà, lórí ilẹ̀ tí ẹnjiníà bá fọwọ́ sí, níbi tó jẹ́ pé bó bá tiẹ̀ jò, ìsàlẹ̀ ni omi ń lọ, kì í ṣe ẹ̀yìn yàrá yín.

Odò ìsàlẹ̀ yẹn náà ṣe pàtàkì. Ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ wo bó ṣe tẹ̀. Bó bá tẹ̀ yí ilẹ̀ yín ká, tí ẹ wà nínú kọ́rọ́ rẹ̀ bí ikùn ṣe wà nínú ìgbànú, àmì rere ni wọ́n kà á sí. Bí ẹ bá wà ní ìhà òde ibi tó ti tẹ̀, tí odò fi ẹ̀yìn ọrun kọ yín, wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá ti jókòó létí odò rí mọ òótọ́ tó wà níbẹ̀: ìhà òde ni omi ti ń sáré, ibẹ̀ ló ti ń jẹ bèbè, inú ló sì ti ń rọra da iyanrìn sílẹ̀. Odò tó ń jẹ ẹsẹ̀ òkè yín, àtiṣubú òkè ló ń wá. Bó bá jẹ́ pé ìhà òde lẹ wà, ẹ sọ fún ẹnjiníà kó tó yàn bí ìpìlẹ̀ yóò ṣe jìn tó.

Ní ti ìrísí ilé, ẹ jẹ́ kó tẹ̀lé òkè: ìpele méjì tàbí mẹ́ta tó ń sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, kí ìpele kọ̀ọ̀kan sì jókòó sórí ilẹ̀ gidi. Òpó gàgàrà tí àfo wà lábẹ́ rẹ̀ kò bá feng shui mu, torí pé àga tí kò ní ìdí ni. Bí wọ́n bá ní kí pálọ̀ yọ sí òfuurufú, ẹ rántí Fallingwater ní Pennsylvania, tí Frank Lloyd Wright yàwòrán rẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ilé ẹlẹ́wà ni, orí ìtàkìtì omi ni wọ́n kọ́ ọ sí, àmọ́ pèpéle rẹ̀ tó yọ síta bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì di 2002 kí wọ́n tó fi okùn irin fà á le. Èyí tó bá yọ díẹ̀ kò burú. Ẹ má fi gbogbo ilé kọ́ òfuurufú.

Gíláàsì yín dára, iwájú ni kó pọ̀ sí. Kí ògiri gidi wà lẹ́yìn, kí àga pálọ̀ àti orí ibùsùn fẹ̀yìn ti ohun tó le, kí ẹni tó jókòó sì lè rí ilẹ̀kùn. Fún ibùsùn, ògiri àárín ilé ni mo fẹ́ràn ju ògiri tí yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kódà bí ẹ bá ṣe gbogbo ohun tí mo wí lórí páìpù. Pèpéle tó tẹ́jú níwájú gíláàsì ni yóò jẹ́ mingtang yín. Ẹ ṣe é kó fẹ̀, kẹ́ ẹ gbin igi kúkúrú sí etí rẹ̀ kí ojú má baà já sí ọ̀gbun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì kíyè sí òrùlé: òrùlé tí iwájú rẹ̀ ga tí ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, tó wọ́pọ̀ nínú ilé ìgbàlódé, gbogbo òjò ló ń dà sẹ́yìn lé ògiri yẹn lórí. Ẹ jẹ́ kó ga lẹ́yìn, kó rẹlẹ̀ níwájú. Bí ayàwòrán yín bá ní iwájú gíga lòun fẹ́, kó fi gọ́tà òrùlé tó fẹ̀ hàn yín nínú àwòrán.

Dígí olójú mẹ́jọ ńkọ́? Bí ọkàn ọkọ yín bá balẹ̀ sí i, ẹ gbé e kọ́ síta. Ṣùgbọ́n dígí kò ní dí ariwo ọkọ̀, kò sì ní dí iná iwájú ọkọ̀ tó ń tàn wọlé láti títì lóru. Ògiri kúkúrú lójú títì àti ọgbà igi ewéko tó nípọn láàárín rẹ̀ àti ilé ni yóò ṣe ìyẹn, wọ́n á sì tún Ìjàpá Dúdú yín ṣe, torí pé ẹ̀yìn ilé yóò nípọn sí i. Koríko àti igi kéékèèké tí gbòǹgbò wọn jìn ni kẹ́ ẹ gbìn. Igi ńlá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ògiri.

Luopan, ìyẹn kọ́mpáàsì tí àwọn onífeng shui ń lò, pín àyíká sí ọ̀nà 24, ìwọ̀n dígírì 15 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè lò ó, àmọ́ ẹ má torí rẹ̀ yí ilé dábùú òkè, torí pé bí ẹ bá ṣe yí i kúrò ní ìlà òkè tó ni ilẹ̀ tí ẹ máa gé àti ògiri tí ẹ máa mọ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ má wọ̀n ọ́n nítòsí ọkọ̀ tàbí irin, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò yà. Bí wọ́n bá sì ní gúúsù nìkan ló dára láti kọjú sí, ẹ bi wọ́n pé níbo ni oòrùn ti ń yọ sí ilẹ̀ yín lára jù. Ní Ṣáínà, apá gúúsù ni oòrùn wà lọ́sàn-án, àríwá sì ni afẹ́fẹ́ òtútù ti ń wá. Ní ìdajì ayé tó wà níhà gúúsù, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wà. Àwọ̀ ọ̀dà, ẹ kun èyí tó bá wù yín.

Kí ayàwòrán tó fa ìlà kan ṣoṣo, ẹ pe onímọ̀ ilẹ̀ kó gbẹ́ ihò wò, kó sọ ibi tí àpáta wà àti bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe jìn sí. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ yín, ayàwòrán àti olùgbaninímọ̀ràn yín jọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti dá. Kí wọ́n kó èèkàn lọ́wọ́ àti aṣọ pupa wẹ́wẹ́, kí wọ́n máa kan èèkàn mọ́ gbogbo ibi tí wọ́n bá rí àgbàrá tó ń gbà láti títì títí dé odò. Bílẹ̀ bá gbẹ, ẹ ya àwòrán àwọn èèkàn náà láti òkè, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwé onímọ̀ ilẹ̀, màá sì fi ibi tí ẹnu ọ̀nà yẹ kó wà hàn yín.